Kíréènì tí wọ́n tà ní dọ́là kan: bí pọ́ọ̀tì Malmö ṣe di àdúgbò

Ẹ jẹ́ kí n ti orí kíréènì yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ni kì í kúrò lọ́kàn mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní Malmö, ìlú kan ní gúúsù Sweden, kíréènì kan dúró létí òkun, gíga rẹ̀ tó mítà 138, ó lè gbé ẹrù 1,500 tọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà, ibi yòówù kéèyàn wà nínú ìlú, tó bá gbójú sókè ó máa rí i. Ní 2002 wọ́n tà á fún Hyundai ti Kòríà. Eélòó? Dọ́là kan. Mi ò ṣì í kọ o, dọ́là 1 péré, pé kí wọ́n ṣáà wá tú u kúrò níbẹ̀. Wọ́n tú u, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e gba orí òkun lọ sí Ulsan, àwọn ará Kòríà sì sọ ọ́ ní "Omijé Malmö".

Ibi tí kíréènì yẹn wà tẹ́lẹ̀, ilé ló kún ibẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ omi wà tí àwọn èèyàn ti ń wẹ̀, tí wọ́n ń jẹ áísìkíríìmù. Västra Hamnen lorúkọ àdúgbò náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Pọ́ọ̀tì Ìwọ̀ Oòrùn, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa bí a ṣe ń tún ilẹ̀ pọ́ọ̀tì àtijọ́ ṣe tí wọn ò ní dárúkọ ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà, bíi pé ohun gbogbo lọ geere, ìyẹn ni mi ò gbà, torí ọ̀pọ̀ nǹkan ló dára níbẹ̀, àwọn nǹkan kan sì wà tó burú, ohun tó sì ya èyí tó dára sọ́tọ̀ sí èyí tó burú ò le, èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé kí wọ́n tó ta ilẹ̀ ló ṣeé ṣe, èyí tí wọn ò kọ, ọwọ́ ẹni tó lówó ló bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ilé iṣẹ́ Kockums, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frans Henrik Kockum ló dá a sílẹ̀ ní 1840, nígbà tó sì fi máa di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ó ti wà lára àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi jù láyé. Tánkà ni wọ́n ń kàn, àwọn ọkọ̀ gàgàrà tó ń gbé epo rọ̀bì. Ọjà ń tà wàràwàrà, ni wọ́n bá ní kí wọ́n gbé kíréènì ńlá yẹn dìde kí iṣẹ́ lè yá sí i. Àfi bí ọ̀rọ̀ epo ṣe dàrú ní 1973, owó epo lọ sókè, ìgbà tí wọ́n fi máa parí kíréènì ní 1974, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń wá tánkà rà mọ́. Bí ẹni rán aṣọ ẹbí tán tí wọ́n ní ìnáwó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ìjọba gba ilé iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ní 1979, wọ́n da owó lé e lórí, kò ràn án. Ní 1986 wọ́n kéde pé ó parí, àwọn ò kan ọkọ̀ ẹrù àti ọkọ̀ èrò mọ́, ọkọ̀ abẹ́ omi ti àwọn ológun nìkan ló kù, ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan tó ń jẹ́ Celebration tí wọ́n kàn fún Carnival ti Amẹ́ríkà ló sì jáde kẹ́yìn ní 1987.

Ẹ wá wo ohun tí ìjọba kọ́kọ́ ṣe sí i. Wọ́n gbé Saab wá síbẹ̀, pé kí wọ́n máa to mọ́tò níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Fákítírì mọ́tò ọ̀hún ṣílẹ̀kùn ní 1989. Ó tilẹ̀kùn ní 1991. Ọdún méjì! Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹni tó bá rò pé tí ilé iṣẹ́ ńlá kan bá ti lọ, ká sáà ti wá ilé iṣẹ́ ńlá míì fi dí ihò náà. Láàárín 1990 sí 1995, iṣẹ́ tó pòórá ní Malmö tó nǹkan bí 27,000, nínú ìlú tí gbogbo àwọn ará ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 230,000 sí 240,000 lọ. Ìlú yẹn ti ní èèyàn 265,000 rí ní 1971 o, wọ́n ti ń kó jáde díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ilmar Reepalu wọlé, òun ló darí ìlú láti 1994 títí di 2013, àkítẹ́ẹ̀tì sì ni nídìí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, bóyá ìyẹn náà wà lára ohun tó jẹ́ kó rí i bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ló jọ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ara wọn: yunifásítì tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, afárá Öresund tó so ìlú náà mọ́ Copenhagen ní Denmark ní 2000, àti ìpàtẹ ilé gbígbé tí wọ́n pè ní Bo01 ní 2001. "Bo" túmọ̀ sí kéèyàn máa gbé ibì kan, 01 ni ọdún ẹ̀. Orí ilẹ̀ pọ́ọ̀tì yẹn gan-an ni wọ́n ti ṣe ìpàtẹ náà, kì í sì í ṣe ìpàtẹ tí wọ́n á kan pátákó tí wọ́n á tún tú u lọ, ilé gidi ni wọ́n kọ́, tí ìpàtẹ bá parí kí èèyàn kó wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n kó tó di pé a sọ ti ilé, ẹ jẹ́ ká sọ ti ilẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Lẹ́yìn tí Saab lọ tán, ìlú ló ra ilẹ̀ yẹn. Kì í ṣe pé àwọn olówó ti pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́ kí ìjọba tó wá máa bẹ̀ wọ́n. Ìlú ló ni ín, ìlú ló ń gé e ní plọ́ọ̀tì tà, ẹni bá fẹ́ rà, ó ní ìwé kan tó máa gbà kó tó rà, ìwé yẹn ni wọ́n ń pè ní ètò ìdánilójú, gbogbo ohun tí ilé tó máa kọ́ gbọ́dọ̀ ní ló wà nínú ẹ̀, látorí iná tí ilé máa jẹ dórí ewéko inú àgbàlá. Nǹkan bí ogún dẹfẹ́lọ́pà, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ ilé tà, ló wọ̀ ọ́, àkítẹ́ẹ̀tì wọn sì yàtọ̀ síra, ìdí nìyẹn tí ilé kan ò fi jọ ìkejì lójú pópó yẹn.

Ilẹ̀ ọ̀hún fúnra ẹ̀, òkun ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ilẹ̀ pọ́ọ̀tì lè gbòòrò, iṣẹ́ ọkọ̀ sì ti da epo àti kẹ́míkà sínú ẹ̀. Wọ́n ní láti wa ibi tó burú jù kó dànù, kí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ lé ìyókù lórí kí igi tó lè hù níbẹ̀. Iṣẹ́ yìí ò dùn ún sọ, fọ́tò ẹ̀ kì í sí nínú ìwé ìpolówó, ṣùgbọ́n òun ló máa ń jẹ owó. Ìjọba àpapọ̀ Sweden fi 250 mílíọ̀nù kronor, owó ilẹ̀ Sweden, ti ìgbà yẹn ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ àyíká, láìsí i mi ò rò pé ó máa ṣeé ṣe.

Klas Tham ló ya pílánù àdúgbò náà. Atẹ́gùn ni ìṣòro ibẹ̀, atẹ́gùn òkun tó ń fẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ tó tutù bíi yìnyín. Ohun tó ṣe ni pé ó to àwọn ilé tó ga sí iwájú, létí omi, bí ẹni mọ odi, ó wá to àwọn tó kúrú sẹ́yìn wọn, àwọn ọ̀nà inú ẹ̀ ò sì gún, wọ́n wọ́ síbí wọ́ sọ́hùn-ún, kí atẹ́gùn má baà rí ọ̀nà tààrà gbà. Ẹni tó bá ń rìn níbẹ̀ á kúrò létí òkun níbi tí fìlà ti ń fò lórí ẹ̀, ìṣísẹ̀ mélòó kan sínú, ó ti parọ́rọ́. Àwọn àgbà ilé tiwa náà mọ irú ọgbọ́n yìí, agbo ilé kì í kọjú síta, inú ló ń kọjú sí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ iná. Wọ́n ní gbogbo agbára tí àdúgbò náà bá máa lò, àdúgbò náà ni kó pèsè ẹ̀, láti ara nǹkan tí kì í tán. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tí atẹ́gùn ń yí láti ṣe iná sí pọ́ọ̀tì ìhà àríwá, Boel ni wọ́n pè é, mẹ́gáwáàtì 2, òun ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ iná mànàmáná náà lé lọ́wọ́, sólà tó ń ṣe iná ò ju mítà onígun mẹ́rin 120 lọ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Sweden ooru ló ń jẹ owó, kì í ṣe gílóòbù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti wú mi lórí. Abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, òkúta ẹfun ni, omi wà nínú ẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n á fa omi tútù láti ìsàlẹ̀ wá mú ilé tutù, omi náà á gba ooru padà, wọ́n á dá a padà sínú òkúta, á wà níbẹ̀ di ìgbà òtútù, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní heat pump á wá fa ooru yẹn jáde wọ inú ilé. Bí ẹni tọ́jú èlùbọ́ sílẹ̀ de ọ̀gbẹlẹ̀. Sólà míì tún wà lórí àwọn ilé, irú èyí tó ń mú omi gbóná, ó tó mítà onígun mẹ́rin 1,400, ìyẹn sì so mọ́ páìpù ooru ìlú, kí ooru tó bá ṣẹ́kù lè lọ síbòmíràn.

Kí n tètè sọ ọ́ kó tó di ẹjọ́: pé "gbogbo agbára ẹ̀ ń tibẹ̀ wá" ò túmọ̀ sí pé wọ́n já wáyà. Ìṣírò ọdún kan ni. Ọjọ́ tí atẹ́gùn ò fẹ́, wọ́n ń gba iná lọ́wọ́ gíríìdì, ọjọ́ tó bá fẹ́ jù, wọ́n ń dá a padà, tí ọdún bá parí kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe déédéé. Kò sí àbùkù níbẹ̀, ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ó yẹ kéèyàn mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ewéko náà dùn mọ́ mi. Wọ́n ní máàkì kan tí wọ́n mú látara ti Berlin, àgbàlá ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán 0.5. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ ni pé ilẹ̀ tó ní ewéko tí gbòǹgbò ẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa gba 1, ọ̀dà títì àti kọnkéré gba òdo, òrùlé tí wọ́n gbin nǹkan sí àti ògiri tí ìtàkùn gùn wà láàárín méjèèjì, wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ wọ́n á pín in. Ẹni tó bá fẹ́ da kọnkéré sílẹ̀ káàkiri, ó gbọ́dọ̀ wá ewé gbé orí òrùlé láti fi dí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kó nǹkan 35 kalẹ̀, kí dẹfẹ́lọ́pà kọ̀ọ̀kan mú 10 nínú ẹ̀: àpótí tí ẹyẹ lè tẹ́ ìtẹ́ sí, ọ̀kan fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan, ibùgbé fún àdán, ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ lè gbé, òdòdó tí labalábá ń jẹ, iyẹ̀pẹ̀ tó jìn tó kéèyàn lè gbin ẹ̀fọ́. Olówó bílíọ̀nù jókòó sí ọ́fíìsì ó ń ṣírò ilé àdán, mo rẹ́rìn-ín títí.

Omi òjò náà, wọn ò rì páìpù fún un. Gọ́tà tó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n ṣe, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó mọ́, tó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọjá bọ́ sínú kòtò omi kékeré tí koríko wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń sẹ́ kó tó wọ òkun. Tójò bá rọ̀, ojú lásán lo fi máa rí ibi tó ń lọ. Ti ilẹ̀ ìdọ̀tí, ihò kan wà níta tí wọ́n ń ju ike ìdọ̀tí sí tí ẹ̀rọ á fi atẹ́gùn fà á gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, ọkọ̀ akólẹ̀ ò ní láti máa ti ojúlé dé ojúlé. Àwọn ilé kan sì ní ẹ̀rọ nínú síńkì tó ń lọ oúnjẹ tó ṣẹ́kù kúnná, wọ́n ń kó o jọ lọ sọ di gáàsì.

Tóò, ẹ jẹ́ ká bọ́ síbi tó ti wọ́.

Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé kọ̀ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ jẹ agbára ju 105 kWh (ohun tí à ń pè ní yúníìtì) lọ lórí mítà onígun mẹ́rin kan lọ́dún. Nígbà tí àwọn èèyàn kó wọlé tán tí wọ́n wá wọn ohun tí wọ́n ń lò gan-an, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n wọ̀n ló kọjá ẹ̀, àwọn kan kọjá ẹ̀ fíìfíì. Kí ló fà á? Wíńdò. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi owó ńlá ra ilé létí òkun, òkun ló fẹ́ rí, ni àwọn àkítẹ́ẹ̀tì bá fi gíláàsì ṣe ògiri látòkè délẹ̀, ooru sì ń gba ara gíláàsì jáde ní tiẹ̀. Ìṣírò tí wọ́n ṣe lórí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ náà ti dùn jù. Mo mọ̀ pé mo sọ lókè pé èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ló ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ agbára yìí ló fẹ́ já mi nírọ́, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ohun tí wọ́n kọ ni iye tí ìṣírò gbọ́dọ̀ jẹ́, wọn ò kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí dẹfẹ́lọ́pà tí mítà bá sọ ohun tó yàtọ̀. Kò sí ìjìyà, ta ló máa bẹ̀rù?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti mọ́tò. Wọ́n ní ààyè mọ́tò 0.7 fún ilé kan ti tó, ká ní ilé mẹ́wàá, ààyè méje, pé àwọn èèyàn á máa gun kẹ̀kẹ́ á máa wọ bọ́ọ̀sì. Ó dáa. Ṣùgbọ́n irú àwọn tó rówó ra ilé níbẹ̀ ti ní mọ́tò kí wọ́n tó dé, wọ́n gbé e dání wá, ojú pópó kún, ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá ń kọ́ ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà.

Ìpàtẹ fúnra ẹ̀ tún dá wàhálà sílẹ̀. Èrò tó wá wò ó ò tó iye tí wọ́n fojú sí, ilé iṣẹ́ tó ṣètò ẹ̀ wọ gbèsè ó kógbá wọlé, àwọn oníròyìn fi ìlú ṣe yẹ̀yẹ́ gidi. Lẹ́yìn ìyẹn ni Turning Torso, ilé tó yí ara ẹ̀ po bí ẹni ń nàgà wẹ̀yìn wò, Santiago Calatrava ló ya á, mítà 190, àjà 54, wọ́n ṣí i ní 2005. Owó ẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n ti rò lọ jìnnà, fúláàtì inú ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà ò tà, wọ́n wá sọ ọ́ di ilé rẹ́ńtì. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí kíréènì lọ ni ilé yìí gba ipò ẹ̀ lójú ọ̀run ìlú, àwọn kan ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, àwọn míì, pàápàá àwọn tí bàbá wọn ti jẹun ní Kockums, ó ṣì ń dùn wọ́n.

Èyí tó ká mi lára jù ni ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Malmö kún fún àwọn àjòjì tó wá láti Ìráàkì, Bosnia, Sòmálíà, àtàwọn ibòmíràn, ọ̀pọ̀ wọn ń gbé Rosengård àti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lápá ibòmíràn nínú ìlú, níbi tí iṣẹ́ ò ti sí. Owó ìlú, owó ìjọba àpapọ̀, gbogbo ẹ̀ lọ sórí Bo01, ilé tó jáde níbẹ̀, olówó ló lè rà á. Ìwé ìdánilójú yẹn ní ilé àdán o, kò ní ilé fún ẹni tí owó oṣù ẹ̀ kéré. Mi ò fẹ́ dá wọn lẹ́bi kọjá bó ṣe yẹ, ohun tí àwọn aláṣẹ ń sọ ni pé àwọn tó ń san owó orí dáadáa ń sá kúrò nílùú, àwọn nílò ohun tó máa mú wọn padà. Ọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́ nínú. Síbẹ̀.

Àfi etí omi. Ẹ̀gbẹ́ òkun yẹn, wọn ò tà á fún ẹnikẹ́ni, wọ́n fi pákó tẹ́ ẹ, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn àti ibi ìjókòó, gbogbo ayé ló ni ín. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe dé, àwọn ọ̀dọ́ láti gbogbo ìlú ya lọ síbẹ̀, tòun ti kúlà, tòun ti orin, wọ́n ń bẹ́ sómi. Àwọn tó fi owó ńlá ra ilé níwájú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa ariwo àti ìdọ̀tí. Etí omi ò di ti ẹnì kan síbẹ̀, ó ṣí sílẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ará Malmö ò fi lè dé etí omi yẹn rárá, àfi tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ Kockums.

Wọ́n kọ́ ọgbọ́n nínú àṣìṣe ìpele kìn-ín-ní. Nígbà tó kan ìpele kejì, Flagghusen, wọ́n pe àwọn dẹfẹ́lọ́pà jókòó láti 2004 kó tó di pé ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀, wọ́n jọ jiyàn lórí owó, lórí agbára, lórí bí ilé ò ṣe ní máa jò omi sára. Ilé tó lé ní 600 ló jáde níbẹ̀, rẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, iye ẹ̀ sì mọ níwọ̀n ju ti Bo01 lọ. Ojú ẹ̀ ò rẹwà tó ti iwájú o, kí n má parọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Fullriggaren, tí àwọn ilé kan níbẹ̀ wé ara wọn dáadáa débi pé ooru ara èèyàn àti ti ẹ̀rọ ìdáná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọn.

Ohun àtijọ́ ò sì parẹ́ tán. Ibi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ bọ́ sómi, ibẹ̀ làwọn ọmọdé ti ń gun sikétì, pákó oní táyà kékeré, báyìí, wọ́n ń pè é ní Stapelbäddsparken. Apá tí àwọn ilé bíríkì Kockums ṣì dúró sí, Varvsstaden, ló kù tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, ohun tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti 2001: kí wọ́n tó wó ilé kan, wọ́n á kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára ẹ̀, bíríkì mélòó, irin gígùn mélòó, fèrèsé mélòó, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ kí ilé tuntun lè lò ó. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1910, wọn ò wó o, wọ́n to àjà onípákó sínú ògiri àtijọ́ yẹn, ilé iṣẹ́ Oatly tó ń fi óòtì ṣe mílíìkì ló sì kó wọbẹ̀.